Ìkíni Tó Kù Lẹ́nu

Omi tíì ni ọmọbìnrin kan gbé kaná nínú ilé ìdáná tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń lò lókè òkun, lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló pè é láti ilé. Kò fi í ṣẹ̀fẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Bí omi ti ń hó, ó ní, "Àbúrò mi, jókòó ná. Bàbá ti fi wá sílẹ̀. Ojú oorun ni wọ́n gbà lọ."

Aránṣọ ni bàbá wọn, aránṣọ kan ṣoṣo ládùúgbò tí kì í yẹ àdéhùn.

Ọmọbìnrin náà kò lè relé. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀ tí wọ́n ń bá a tún ìwé ìgbélùú ṣe. Bó bá jáde láìgbà á, kò sí ààyè ìpadà. Wọ́n sin Bàbá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní gbogbo ọmọ ló fọwọ́ kan pósí, tí wọ́n sì kí Bàbá pé kí wọ́n sùn un re. "A bá ọ kí wọn," ló wí. Ṣùgbọ́n ta ni í báni kí bàbá ẹni?

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú náà, bó ti ń gba ọ̀nà tóóró ẹ̀yìn yunifásítì lọ sí kíláàsì, ó yọjú sí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń tún aṣọ ṣe. Arúgbó kan tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́yìn gíláàsì. Èjìká òsì rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí, ó fi eyín já òwú. Orí ọmọbìnrin náà wú. Ọmọ tó sùn lábẹ́ tábìlì ìránṣọ dàgbà kì í ṣi bàbá rẹ̀ mọ̀.

Ó sáré padà bá obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, àgbà akẹ́kọ̀ọ́ tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Ìjọ, nítorí àdúrà rẹ̀ kì í jẹ́ kí oúnjẹ gbóná dé ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n, mo rí bàbá mi."

"Lójú àlá?"

"Ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń ránṣọ."

Ìyá Ìjọ gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ṣé o kí wọn?"

"Rárá o. Ẹ̀yin ni mo sáré wá bá."

"Ọlọ́run ṣeun! Má kí wọn o. Àkúdàáyà ni. Ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wọ́n ni wọ́n máa ń sá lọ. Bí ẹni tó mọ̀ wọ́n bá ti lè pè wọ́n báyìí, wọ́n á pòórá, o ò sì ní fojú kàn wọ́n mọ́ láéláé."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń darí àdúrà, ẹ gba ìyẹn gbọ́?"

"Ọ̀tọ̀ ni àdúrà, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ìyá ìyá mi fojú rí. Jókòó kó o jẹun, jàre."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń lọ dúró níwájú gíláàsì. Ó ń wò, kò kí i. Ó sàn kí òun rí i láìkí i ju kí òun kí i kí òun má rí i mọ́. Kíláàsì ń lọ, kò sí níbẹ̀. Nígbà tó bá tiẹ̀ lọ, yóò máa gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ náà lábẹ́ ohùn olùkọ́, tákà, tákà, tákà. Òtútù mú tó bẹ́ẹ̀ tí èémí gbogbo èèyàn ń rú bí èéfín, tí gíláàsì ń ṣú níwájú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ti inú, níbi tí arúgbó náà tẹ orí sí, mọ́ gaara, bí ẹni pé kò sí èémí níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni kóòtù dúdú kan náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni apá kóòtù náà ṣì ṣẹ́ kù. Bàbá tí kì í yẹ àdéhùn! Ó sì ń rù sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, arúgbó náà fi aṣọ sílẹ̀, ó yíjú sí i. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí oorun ti kọ̀. Bàbá máa ń wo ọmọ tó bá gbàgbé láti kúnlẹ̀ láàárọ̀ bẹ́ẹ̀: kò ní bínú, kò ní bá a wí, yóò kàn dúró dè é.

Ó wá yé e. Gbogbo ọmọ ti kí i tán, ó ku ẹnìkan. Bó bá kí i, yóò pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí kò bá kí i, Bàbá ò ní sùn.

Ó ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ sáàárín àjákù òwú.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ẹ sùn un re."

"O kú ìrìn, ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Mo ti ń retí rẹ."

Nígbà tó nu omijé kúrò lójú, àga ti ṣófo. Àgbá ẹ̀rọ ṣì ń yí, ó rọra dúró.

Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù jáde láti ẹ̀yìn pẹ̀lú ife lọ́wọ́. "Arúgbó mi dà?"

"Wọ́n ti lọ sùn, mà."

"Sùn? Láàárọ̀ kùtù? Ìwọ ta ni?"

"Ọmọ wọn."

Obìnrin náà wò ó, ó wo èjìká òsì rẹ̀ tó rẹlẹ̀ bíi ti arúgbó náà. Ó kàn gbé kóòtù náà sókè. "Oníkóòtù ń bọ̀ lónìí. Kí ni mo fẹ́ wí fún un?"

Ọmọbìnrin náà jókòó sórí àga náà. Àga ọ̀hún tutù bí òkúta. Ó mú abẹ́rẹ́, ó kó òwú sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ rán etí apá kóòtù náà. Kò mọ̀ ọ́n rán tó bàbá rẹ̀. Ipa òwú rẹ̀ wọ́. Ó rán an títí tó fi parí, ó sì ta òwú náà ní kókó.