Orúkọ Ṣògo Ló Ń Ṣáájú

Irọ́ tí Olúwafèyíkẹ́mi pa ní Takie, ìwádìí ló pè é. Ìtàn ló ń kọ nípa obìnrin tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀, kò sì mọ bí nǹkan ṣe ń rí nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá júwe Àṣàkẹ́ fún un, ìyá Aládùúrà kan tó ń ta ike ní Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ ń ṣe ọkọ rẹ̀. Ìyá náà ò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ni Fèyíkẹ́mi bá fajú ro, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Olúwaṣògo, ọkọ òun, ṣe wà nílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Àánú rẹ̀ ṣe Àṣàkẹ́, ó sì sọ tinú rẹ̀ pátá: bó ṣe ń wẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, bó ṣe ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì, bí ọkùnrin náà ṣe máa ń sunkún bí wọ́n bá ti tilẹ̀kùn. Fèyíkẹ́mi délé, ó kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Ó dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, fóònù rẹ̀ dún lọ́sàn-án Sátidé. Àṣàkẹ́ ni.

"Ọmọ mi, ìpàdé ìjọ ló gbé wa wá sí Ọ̀yọ́. Ọlọ́kadà kan mọ ilé ẹ, mo ti wà lẹ́nu géètì. Mo fẹ́ gbàdúrà fún ọkọ ẹ."

Orí àkàbà ni Ṣògo wà, ó ń kan páànù, ó ń kọrin. Kí Ọlọ́run dárí jì í, ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni kó ní kí ọkọ rẹ̀ sáré lọ dùbúlẹ̀. Kó tó lanu, Ṣògo ti gbọ́ kíkàn géètì, ó ti fò sílẹ̀ lọ ṣí i.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Èmi ni Olúwaṣògo."

Àṣàkẹ́ wò ó látòkè délẹ̀. Tòun ti aṣọ àdúrà funfun tó wọ̀, ó dojúbolẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀.

"Olúwa, o ṣeun! Ṣògo ọmọ mi, ojoojúmọ́ ni mò ń pe orúkọ ẹ nínú àdúrà ṣáájú ti ọkọ mi, torí pé ọmọdé ni ẹ́. Ó ti ṣe é fún ọ, ó ku ọkọ mi, Bàbá Rejoice!"

Ṣògo yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ta ló ṣàìsàn?"

Irọ́ kejì ti wà lẹ́nu Fèyíkẹ́mi, ṣùgbọ́n ojú tì í débi pé kò lè sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Kò ṣàìsàn rí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ bá mi sọ̀rọ̀ ni."

Àṣàkẹ́ dìde díẹ̀díẹ̀, ó gbọn erùpẹ̀ aṣọ rẹ̀. Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo.

"Ẹkún tí ọkọ mi máa ń sun," ó ní, "ṣé o kọ ìyẹn náà?"

"Mo kọ ọ́, mà. Màá pa á rẹ́."

"Ó ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún ọ torí mo rò pé tìẹ náà ń sunkún."

Ó gbọ́wọ́ lé èjìká Ṣògo. "O ò ní ṣàìsàn, ọmọ mi," ó ní. Lẹ́yìn náà ló jáde lọ wá ọ̀kadà. Kò ní kí Fèyíkẹ́mi dìde.