Àmì Ohùn Kan

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni ti ìwé pélébé tí nọ́ọ̀sì kọ lé ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. "Aran lo n se mama." Kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, tó ń bá màmá gbé, kà á sí aràn inú ìfun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń da oògùn aràn sí arúgbó lẹ́nu, títí ìgbẹ́ gbuuru fi sọ ọ́ di egungun lásán. Nígbà tí màmá kò yéé béèrè ọkọ tó ti kú, ẹ̀gbọ́n ní agídí ni. Ó fi àgádágodo ti yàrá mọ́ ọn.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń fi títún àṣìṣe ìwé ṣe nílé ìtẹ̀wé jẹun, ló dé tó bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Ó gbé màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà.

Dókítà gbé àwòrán ọpọlọ síwájú iná. "Ẹ ò rí i bó ṣe sún kì? Nínú irú àìsàn yìí, ìdọ̀tí a máa dì sínú ọpọlọ, fọ́nrán tín-tìn-tín inú rẹ̀ a sì lọ́ mọ́ra bí òwú tó takókó."

"Kì í ṣe agídí?"

"Agídí kẹ̀? Ibi tí wọn ì bá fi rántí ló ń kú."

Bí obìnrin náà ṣe gbé màmá délé, ó mú ìwé pélébé nọ́ọ̀sì lórí tábìlì, ó nà án sí ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, arán ni! Arán! Màmá ń ṣarán, ẹ ń fún wọn lóògùn aràn!"

"Ìwọ ọ̀mọ̀wé, èmi ni mo kọ ọ́ ni? Ká ní o máa ń yà wá wò ni, o ì bá ti kà á fún mi."

Ọ̀rọ̀ yìí gún un dé egungun. "Mo gbà. Àgádágodo ńkọ́? Nọ́ọ̀sì náà ló rà á?"

"Wọ́n ń sáré bọ́ sí títì! Ṣé kí mọ́tò pa wọ́n ni?"

Màmá gbójú sókè lórí àga, ó wo ọmọbìnrin rẹ̀ tìkà-tẹ̀gbin. "Aládùúgbò, ẹ má jágbe mọ́ ọmọ mi. Ọmọ dáadáa ni."

Ẹ̀gbọ́n ò lè gbórí sókè. Ìbínú obìnrin náà ò rí ibi jókòó sí. Ó fa irin tí màmá fi ń tú ìdè ẹ̀rọ ìránṣọ wọn nígbà tí ara wọn ṣì le yọ nínú àpótí, ó kọjú sí ilẹ̀kùn yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìkọ́ àgádágodo.

"Mò ń kó bọ̀ wá síbí lónìí. A ó jọ máa ṣọ́ wọn."

"Ẹ rọra o, aládùúgbò," ni màmá wí. "Ilé onílé ni."

Obìnrin náà túbọ̀ fi agbára yí irin náà.