Ẹlẹ́rìí Méjì Lórí Kẹ̀kẹ́ Kan

Nọ́ọ̀sì ka lẹ́tà náà tán lórí ìdúró, ó tún padà sí ìlà kejì, nítorí ojú rẹ̀ kò gbà pé ohun tó kà nìyẹn. “Fóònù iṣẹ́ yín fi hàn pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ dúró sójú kan ní ìkòríta fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta, ẹ kò sì dé ilé aláìsàn kẹfà rárá.” Aláìsàn kẹfà ni Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà. Nínú gbogbo ilé tó wà láyé, ilé Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n wá ní kò dé. Ó ju bébà náà sórí tábìlì akọ̀wé bí ẹni ju àkísà.

“Ta ló kọ ìranù yìí?”

Akọ̀wé kò gbójú sókè. “Òkè ló ti wá, Nọ́ọ̀sì. Èmi kàn tẹ̀ ẹ́ jáde ni.”

“Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìwọ lo fún mi ní bándéèjì tí mo fi di ẹsẹ̀ bàbá yẹn. Mo dá èyí tó kù padà fún ọ nírọ̀lẹ́. Èyí tí kò padà ńkọ́? Ṣé ara mi ni mo fi di ni?”

“Mo mọ̀.” Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ṣùgbọ́n fóònù ò mọ ọ̀rọ̀ bándéèjì.”

Ọdún mọ́kànlá rèé tí obìnrin yìí ti ń gun kẹ̀kẹ́ kiri ilé àwọn tí kò lè rìn wá sí ilé ìwòsàn, tó ń wẹ egbò, tó ń gún abẹ́rẹ́, tó sì ń parí ìjà ìyá ọkọ àti ìyàwó ilé lórí egbò kan náà. Ìyá Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ohun méjì ló wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni mítà kẹ̀kẹ́ tó fi owó ara rẹ̀ rà, tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Òòfà kékeré kan wà lára wáyà táyà iwájú. Bí táyà bá ti yí lẹ́ẹ̀kan, mítà á kà á. Kò mọ orúkọ àdúgbò, kò lè pe ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òjò ò pa á lára, òòrùn ò pa á lára, bátìrì kan á sì gbé e fún ọdún kan gbáko. Èkejì ni fóònù tí ilé iṣẹ́ pín fún wọn níbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí Ọ̀gá lè máa rí ibi tí kálukú wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Fóònù yẹn gbọ́n. Ó mọ ọ̀nà, ó mọ ilé, ó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Àmọ́ bí òòrùn ọ̀sán bá ti bà á, á ní ara òun gbóná, á pajú dé, ó tún di ìgbà tí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́.

Àwọn nọ́ọ̀sì ráhùn títí. Ọ̀gá wá pín fọ́ọ̀mù fún wọn: kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó lù, kí oníkálukú mú ọ̀kan, fóònù tàbí mítà. Kò sí ẹni tó máa lo méjèèjì mọ́. Èyí tí èèyàn bá mú ni yóò máa jẹ́rìí rẹ̀.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi ń rò ó. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ní, “Mú èyí tí kì í sùn lẹ́nu iṣẹ́.” Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní, “Mọ́mì, bí ẹ bá ṣubú sí kọ̀rọ̀ kan, ṣé mítà ló máa pè wá?” Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ló jọ òótọ́. Ìgbà tó máa fi kúrò nílé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yìí, ọkàn rẹ̀ ti ń fà sí fóònù nítorí ọmọ, fọ́ọ̀mù tí kò tíì kọ nǹkan sí sì wà nínú báàgì rẹ̀. Àfi bó ṣe dé tí akọ̀wé na lẹ́tà sí i.

Ìlà tó kẹ́yìn ló burú jù. Láti òní lọ, kó fa àwọn aláìsàn rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kó lọ máa to aṣọ ibùsùn ní yàrá ẹrù títí wọn yóò fi wádìí ọ̀rọ̀ náà. Oṣù méje sẹ́yìn, dókítà ti fi báírò fa ìlà sí ẹsẹ̀ òsì Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà, níbi tí wọn yóò ti gé e. Nọ́ọ̀sì ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun láyè. Ojoojúmọ́ ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń dì í, títí egbò tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ fi kù bí èékánná àtàǹpàkò. Wọ́n wá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ yẹn fún ẹni tí yóò kàn sáré fi bándéèjì yí i ká, kó lè tètè lọ síbòmíràn. Inú bí i gidigidi. Ó mú lẹ́tà rẹ̀, kò kan ilẹ̀kùn Ọ̀gá kó tó wọlé.

Ọ̀gá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, àwọn àmì kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi ń rìn lójú ẹ̀rọ náà. Obìnrin yìí kì í ṣe àjèjì sí i. Ọjọ́ tí ìyá Ọ̀gá kú, èjìká Nọ́ọ̀sì yìí ló fi orí lé sunkún.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú mi. Ṣé mo dé ọ̀dọ̀ bàbá yẹn, àbí mi ò dé?”

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú. Wo ibí.” Ó nàka sí ìlà búlúù kan. Ìlà náà rìn dé ìkòríta, ó dúró síbẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá gba ilé aláìsàn keje padà sí ilé ìwòsàn.

“Òòrùn ló pa á níbẹ̀ yẹn. Ìgbà tí mo ti ọ̀dọ̀ bàbá padà dé ìkòríta ni mo tó rí i pé ó ti kú, mo bá tún un tàn. Ẹ mọ̀ pé ó máa ń kú lọ́sàn-án.”

“Gbogbo yín lẹ ń sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ pe bàbá náà, kẹ́ ẹ bi í.”

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. “Bàbá yẹn fẹ́ràn rẹ. Ohun tó o bá fẹ́ kó sọ ló máa sọ.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára ju lẹ́tà lọ. Arúgbó tó jókòó jẹ́jẹ́ sílé ara rẹ̀ náà ti di òpùrọ́, láìmọwọ́ láìmẹsẹ̀. Àwọn àgbà ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan ọ̀hún yóò jẹ́ fóònù, fóònù tó sùn lọ lójú ẹjọ́ pàápàá.

Ó jáde lọ síbi tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà, ó yọ mítà àti fóònù kúrò lára rẹ̀, ó padà wá gbé mítà síwájú Ọ̀gá. Mítà náà máa ń tọ́jú ìrìn ọjọ́ méje sínú. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi kan ọjọ́ Ìṣẹ́gun: kìlómítà méjìlélógún. Ti fóònù jẹ́ mẹ́rìnlá. Láti ìkòríta dé ilé Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà jẹ́ mẹ́rin, àtipadà jẹ́ mẹ́rin.

Ọ̀gá fi báírò ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn lẹ́tà. Ó tún un ṣírò. Lójú ẹsẹ̀ ni ojú rẹ̀ tú ká, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

“Kí ló dé tó ò ti mú èyí wá láti àárọ̀? Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.” Ó ya lẹ́tà náà sí méjì, ó jù ú nù. “Èmi náà ti mọ̀ pé o ò lè ṣe irú ẹ̀.”

“Bẹ́ ẹ bá mọ̀, kí ló dé tẹ́ ẹ fi kọ ọ́?”

Báírò ni Ọ̀gá tì sí i. Nọ́ọ̀sì yọ fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó fa àmì sí iwájú mítà, ó gbé fóònù kalẹ̀ sórí tábìlì, ó mú mítà, ó jáde. Kò sọ ohun tó kù lọ́kàn rẹ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kí i kú oríire. Akọ̀wé dìde, ó ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín músẹ́ fún wọn, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò rọ̀. Bó ṣe ń wa kẹ̀kẹ́ ló ń bá Ọ̀gá jà lọ́kàn, ó sì ń borí ní gbogbo ìgbà, síbẹ̀ ìjà ò tán. Ta ló tilẹ̀ jàre nínú yàrá yẹn, òun àbí mítà? Ọdún mọ́kànlá tó fi wọ́ ara rẹ̀ nínú òjò àti òòrùn kò tó ẹ̀rí. Ẹnu rẹ̀ kò tó ẹ̀rí. Ẹnu bàbá arúgbó kò tó. Ike kékeré tí kò gbọ́ igbe aláìsàn rí ló sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, Ọ̀gá sì gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó bínú sí Ọ̀gá, ó bínú sí fóònù, ó wá ń bínú díẹ̀ sí mítà tó gbà á sílẹ̀.

Bàbá Gbẹ́nàgbẹ́nà jókòó sórí àga tó kàn fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wà lórí àpótí.

“Ìyá Kẹ̀kẹ́, o pẹ́ lónìí.”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Wọ́n fẹ́ lé mi kúrò nídìí ẹsẹ̀ yín ni.”

Bó ṣe ń tú bándéèjì ló ń ròyìn fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá gbọ́, ó mi orí. “Wọ́n ní èmi náà á purọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí o.”

Ó wẹ egbò, ó nù ún gbẹ. Ó yẹ ara gbígbóná Bàbá wò, ó gún un níka, ó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Egbò náà mọ́ tónítóní. Ó di bándéèjì tuntun, ó so ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ sínú báàgì.

“Ìyá Kẹ̀kẹ́,” Bàbá ní, “ẹsẹ̀ yìí ò ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Láti àná ni nǹkan kan ti ń fà mí lábẹ́.”

“Bàbá, egbò yín ti ń jinná. Ara yín ò gbóná, ṣúgà yín wà níbi tó yẹ.” Ó na ẹ̀rọ náà sí i kó lè rí ohun tó kọ. “Ẹ wò ó fúnra yín. Kò sí nǹkan kan.”

Bàbá wo ẹ̀rọ náà fún ìgbà díẹ̀. “Ó dáa,” ó ní. “Bó bá ti wí bẹ́ẹ̀.” Ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yíjú sí fèrèsé.

Nọ́ọ̀sì gbé báàgì kọ́ èjìká. Ilé aláìsàn keje ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó mú un dúró. Kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹni tí ara tù. Òun fúnra rẹ̀ ló dákẹ́ irú rẹ̀ láàárọ̀ yìí, nígbà tó ń jáde ní yàrá Ọ̀gá. Inú tó ń bí i bọ̀ láti ìgbà yẹn kò lọ. Òun gan-an ló kọjú sí báyìí, ó sì tì í lójú.

Ó padà wá. Ó gbé báàgì kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú bándéèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì.

“Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ mú ìka mi, kẹ́ ẹ fi síbi tó ti ń fà yín.”

Bàbá wò ó bóyá ó ń ṣàwàdà. Lẹ́yìn náà ó di ìka rẹ̀ mú bí ó ṣe máa ń di ìṣó mú, ó mú un kọjá egbò, ó mú un kọjá gìgísẹ̀, ó dé àárín àtẹ́lẹsẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wò fún oṣù méje nítorí pé kò sí egbò níbẹ̀.

“Ibí.”

Ó rọra tẹ̀ ẹ́. Ó rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bí ibi tí nǹkan ti ń kó jọ lábẹ́ awọ. Kò na ọwọ́ sí ẹ̀rọ tó wà nínú báàgì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ náà lé itan.

“Ẹ máa sọ fún mi, Bàbá. Mò ń gbọ́.”