Oorun ní Ìlú tí Kò Ní Oòrùn

Ọmọ ìlú Ponyan ni Inúmidùn. Ẹ̀kọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀ ló ń kọ́ ní yunifásítì, wọ́n sì mú un pé kó lọ lo sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlú kékeré kan ní ìpẹ̀kun àríwá Norway. Bàbá rẹ̀, Josiah, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló sìn ín dé Kabba lọ́jọ́ tó ń lọ. Ọyẹ́ bo gbogbo orí òkè lójú ọ̀nà. Wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú mọ́tò. Láti ìgbà tí Martha, ìyá Inúmidùn, ti kú lọ́dún tó kọjá, ṣe ni àwọn méjèèjì ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ.

Inúmidùn ti kà á nínú ìwé pé oòrùn kì í yọ níbẹ̀ nígbà òtútù, ṣùgbọ́n kíkà yàtọ̀ sí rírí. Bí ó bá di ọ̀sán, ojú ọ̀run á pọ́n díẹ̀ bí ẹ̀yinná tó fẹ́ kú, á dà bí aró, òkùnkùn á sì tún padà. Yìnyín ń bọ́ láìdún. Ó wọ̀ sílé ìyá àgbà kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú, Solveig lorúkọ rẹ̀. Obìnrin náà ní kó máa pe òun lórúkọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu Inúmidùn kò gbà á. Màmá Solveig ló ń pè é.

Kò pẹ́ tí oorun fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e. Bó bá ti sùn, oko kaṣú wọn lẹ́yìn Ponyan ló máa ń bá ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ á wà níwájú, apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, á máa ṣa èso tó já bọ́ nílẹ̀. Ìtànṣán á máa gba àárín ewé bọ́ sí i lẹ́yìn. Kì í sọ̀rọ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń bojú wẹ̀yìn wò bóyá ọmọ òun ń bọ̀. Bí Inúmidùn bá jí, òórùn kaṣú pípọ́n á ṣì kù nímú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òkùnkùn ni wíńdò ń fi hàn án. Bó bá tún sùn, ibi tí wọ́n bá àlá náà dé gan-an ni yóò ti máa bá a lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa kíláàsì jẹ. Bàbá rẹ̀ á pè, á béèrè bí òtútù ṣe rí, Inúmidùn á ní dáadáa ni. Kò sọ àlá náà fún un. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá fẹnu kàn án, kò ní wá mọ́.

Ìyá àgbà náà ló fura. Ó wọlé lọ́jọ́ kan, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó sì béèrè ohun tó ń ṣe é. Inúmidùn sọ gbogbo rẹ̀.

Solveig ní, "Nígbà tí ọkọ mi kú, bí mo ṣe ń sùn náà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó jí mi. Èmi á máa jí ọ."

Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ló ń kan ilẹ̀kùn, àtùpà kékeré lọ́wọ́. Inúmidùn á bínú sínú, á mu tíì, á lọ sí kíláàsì bí ẹni tó ń rìn nínú omi, á sì sáré padà wá sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ní oòrùn yóò padà, ìyá rẹ̀ mú un wọ inú oko lójú àlá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n dé ìdí àpáta ńlá kan tí kò rí rí. Ìyá rẹ̀ sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó, ó fọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kó wá jókòó. Bí Inúmidùn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láti jókòó ni ìró kan dún lókèèrè, bí ìgbà tí ènìyàn ń la igi. Ìyá rẹ̀ gbé orí sókè.

"Inú," ó ní, "wọ́n ń pè ọ́."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ nìyẹn. Inúmidùn ní òun kò lọ. Ìyá rẹ̀ kàn ń wò ó bó ṣe máa ń wò ó láàárọ̀ nígbà tó bá ń fi bàtà ilé-ìwé ṣeré. Kò sí ìbínú nínú ìwò náà.

Ó jí pẹ̀lú omijé lójú. Ó wọ bàtà, ó sì tẹ̀ lé Solveig gun òkè.

Gbogbo ìlú ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọdé fi bébà yẹ́lò ṣe adé. Ẹnì kan fún un ní búrẹ́dì dídín kan tó rí roboto bíi pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Nígbà tó yá, ìmọ́lẹ̀ tínínrín yọ láàárín òkè méjì, yìnyín sì pọ́n. Inúmidùn kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ sọ pé, "Okun o," bí ẹni ń kí àgbà tó ti àjò dé.

Solveig béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Inúmidùn ní bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn nílé àwọn ni. Ìyá náà kojú sí oòrùn, òun náà kí i, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn lẹ́nu rẹ̀, ó di òkun. Òkun ọ̀hún sì wà nísàlẹ̀ wọn lóòótọ́, ó ń dán.

Àlá náà kò wá mọ́. Inúmidùn fi oorun ọ̀sán wá a títí, kò rí i. Ó sunkún rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń gùn sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gun òkè lọ ṣa òkúta, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì yege nínú ìdánwò rẹ̀.

Nígbà òjò ló padà. Bàbá rẹ̀ wá pàdé rẹ̀ ní Kabba. Wọ́n ti kọjá Iyah-Gbede, ìkùukùu ń rìn lórí òkè, kí Inúmidùn tó rí ẹnu sọ ọ́ pé òun rí ìyá òun lójú àlá lọ́hùn-ún.

"Láti ìgbà tó ti lọ," bàbá rẹ̀ ní, "n kò tíì rí i lójú àlá rí." Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Kí ló wọ̀?"

"Ìró oko rẹ̀ tó ti ṣá yẹn. Ó fi ṣẹ́ẹ̀tì yín wérí."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní obìnrin yẹn kò fi ṣẹ́ẹ̀tì òun lọ́rùn sílẹ̀ rí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó dẹ ìrìn mọ́tò náà, àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Má kánjú," ó ní. "Ponyan ṣì jìnnà. Sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀."