Ohùn Tí Ìyá Rẹ̀ Yá Lò

“Ẹlẹ́rìí wa ò ní í wá mọ́.” Ẹ̀ẹ̀mejì ni Alága fi ọwọ́ sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ gba ara rẹ̀ gbọ́. “Ọkọ ẹ̀ ní tó bá fi lè débí, kó má padà sílé òun.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró níwájú rẹ̀ wo aago ara ògiri. Ó ku ìṣẹ́jú méjìlá kí ìgbìmọ̀ ìlera pè wọ́n wọlé. Òun ni ògbufọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ adití tí Alága ń darí, òun nìkan ló sì ń gbọ́ràn nínú àwọn márààrún. Adití ni ìyá rẹ̀, adití ni bàbá rẹ̀ tó ti kú. Èdè ọwọ́ ló ti kọ́kọ́ mọ̀ kó tó mọ ti ẹnu. Alága ní tirẹ̀ kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Ẹnu àwọn mìíràn ló máa ń mú bí abẹ. Tirẹ̀, ọwọ́ ni.

Ọdún méjì ni àwọn ọ̀dọ́ yìí ti fi ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń bi àwọn obìnrin adití léèrè bí wọ́n ṣe ṣe sí wọn nígbà tí wọ́n lọ bímọ ní ilé ìwòsàn ńlá. Mẹ́tàléláàádọ́ta ló dá wọn lóhùn. Nínú wọn, mọ́kànlá ni wọ́n ti dí ọ̀nà ọmọ wọn pa, kí wọ́n má lè bímọ mọ́, láìsọ fún wọn. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ ní ìwé kì í jẹ́rìí, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Alága ní kí ògbufọ̀ bi wọ́n bóyá ọwọ́ ara ẹni kò lè ṣe é. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

“Kí la wá fẹ́ ṣe báyìí?” ògbufọ̀ béèrè.

Ẹnìkan fọwọ́ kàn án léjìká. Ìyá rẹ̀ ni. Aránṣọ ni, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ìdajì ọjọ́ nítorí ó fẹ́ wá jókòó ti àwọn ọmọ náà lẹ́yìn.

“Màá sọ tèmi,” ni ìyá náà fi ọwọ́ wí.

“Màmá, ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n ṣe fún èèyàn ní ilé ìwòsàn ni o. Kì í ṣe ká kàn ti àwọn ọmọ lẹ́yìn.”

“Mo mọ̀. Àbí orí àtẹ ni mo bí ọ sí?”

Alága wo ìyá, ó wo ọmọ. Ohun tí kò tíì yé ọmọ ti yé e. “Màmá, ẹ jẹ́ ká wá ògbufọ̀ mìíràn fún yín.”

“Níbo lẹ ti fẹ́ rí i?” ìyá náà béèrè. Òótọ́ ni. Ògbufọ̀ kan péré tó kù tí wọ́n mọ̀ ti lọ sí ìlú mìíràn fún ẹjọ́ kan, ọjọ́ kẹta rèé. “Ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ mi mọṣẹ́.”

Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n pè wọ́n.

Èèyàn mẹ́ta ló wà nídìí tábìlì gígùn náà. Dókítà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló jókòó sáàárín. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ńlá wà lọ́tùn-ún rẹ̀, akọ̀wé tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà wà lósì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbé kámẹ́rà kalẹ̀ kí ó lè ká ọwọ́ ẹlẹ́rìí sílẹ̀. Ògbufọ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Òfin iṣẹ́ rẹ̀ kò le: bí ẹni tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ bá ní “èmi,” òun náà á ní “èmi.” Kò gbọ́dọ̀ fi kún un, kò gbọ́dọ̀ yọ níbẹ̀.

“Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà,” ni ògbufọ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti gbéra. “Oyún mi àkọ́kọ́ ni.”

Akọ̀wé gbé ojú sókè, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ohùn ọkùnrin àti oyún kì í bára mu. Ògbufọ̀ ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ń wò. Ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìgbà tó bá ń wọn aṣọ oníbàárà tí kò gbọ́dọ̀ bàjẹ́.

“Ọmọ dábùú nínú mi. Wọ́n ní àfi iṣẹ́ abẹ. Dókítà kọ ìyẹn sínú ìwé fún mi, mo gbà. Bí wọ́n ṣe ń tì mí lọ, nọ́ọ̀sì kan mú ìwé kejì wá. Mo fọwọ́ béèrè pé kí ni. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fi ìka mi tẹ̀ ẹ́.”

Títí débẹ̀, kò sí ohun tó ya ògbufọ̀ lẹ́nu. Ó mọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ náà. Ti ìwé kejì nìkan ni kò gbọ́ rí.

“Ọdún márùn-ún la fi retí ọmọ kejì. A lo oògùn, a gbàdúrà. Nígbà tó di ọdún kẹfà...”

Ẹnu ògbufọ̀ dúró níbẹ̀. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ kò dúró. Ó rí ohun tí ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ sọ, ó sì yé e, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbé e.

“Kí ni wọ́n sọ?” dókítà àgbà béèrè.

Ìyá náà fi ìka gbá tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe máa ń gbá a nílé tó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wo òun. “Sọ ọ́. Ẹnu iṣẹ́ lo wà.”

“Nígbà tó di ọdún kẹfà,” ni ó wí, “dókítà kan ní ìlú mìíràn yẹ̀ mí wò. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi pé wọ́n ti gé ọ̀nà ọmọ mi, wọ́n sì ti so ó, lọ́jọ́ tí mo bí àkọ́bí. Mo padà lọ béèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yìn káàdì mi ni nọ́ọ̀sì kọ èsì sí. Ó ní adití méjì, kí ni wọ́n tún lè bí bí kò ṣe adití. Ó ní àánú mi ló ṣe àwọn.”

Ọwọ́ ìyá rẹ̀ sinmi díẹ̀ lórí tábìlì, ó tún gbéra.

“Ọmọ tí mo bí ń gbọ́ràn. Ká ní kò gbọ́ràn náà ńkọ́, ṣebí ọmọ mi ni. Òun ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.”

Ó tú u bó ṣe rí. Ó ṣe díẹ̀ kó tó yé wọn. Akọ̀wé ló kọ́kọ́ yé. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí kọ̀ǹpútà.

Olórí àwọn nọ́ọ̀sì wúkọ́. “Ẹ má bínú o, Dókítà. Tó bá jẹ́ pé ọmọ ìyá yìí ló ń tú ọ̀rọ̀ ìyá yìí, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé kò fi iyọ̀ tiẹ̀ sí i? A ò lè gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.”

Ògbufọ̀ yíjú sí ìyá rẹ̀ àti Alága, ó fi ọwọ́ tú ìyẹn náà fún wọn, tiyọ̀tiyọ̀.

Alága dìde. Ohun tó sọ kò gùn, ògbufọ̀ sì sọ ọ́ jáde láìgbé ohùn sókè: “Òótọ́ ni Màmá sọ. Gbogbo ọwọ́ ẹlẹ́rìí ló wà nínú kámẹ́rà yìí. Ẹ pe ògbufọ̀ ilé ìwòsàn yín kó wá yẹ̀ ẹ́ wò.”

Dókítà àgbà wo olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ìyẹn mirí pé àwọn ò ní.

“Ẹ ní ẹ ò ní?” Alága ò tíì jókòó. “Ta ló wá ń sọ fún àwọn aláìsàn wa ohun tí wọ́n ń tẹ̀ka sí?”

Olórí àwọn nọ́ọ̀sì ń tún ìwé iwájú rẹ̀ tò. Dókítà àgbà kọ nǹkan, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ní ìgbìmọ̀ gba ẹ̀rí náà, bí ògbufọ̀ mìíràn bá ti wo fídíò tó sì fọwọ́ sí i. Ó ní kí ilé ìwòsàn kó fáìlì gbogbo obìnrin adití tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún láti ọgbọ̀n ọdún wá, kó má ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Kò sọ pé ó dun òun. Ó kàn dìde dúró títí ìyá náà fi jáde kó tó jókòó padà.

Ní ìta, lórí àtẹ̀gùn, ìyá àti ọmọ jókòó.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Ìgbà wo? Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méje, tí ò ń sunkún àbúrò?”

“Nígbà tí mo dàgbà.”

“Nígbà tí o dàgbà, o ní èmi ni mi ò fẹ́ bí òmíràn. O ní torí owó ni.” Kò fi ìbínú sọ ọ́. “Bàbá rẹ ní ká jẹ́ kí o bínú sí wa. Ó ní ó sàn ju kí o máa rò pé torí ìwọ ni wọ́n ṣe gé mi.”

Ọmọ náà kúnlẹ̀ sórí àtẹ̀gùn níwájú rẹ̀. Ìyá náà gbọn eruku kúrò léjìká rẹ̀, ó ní kó dìde, ṣòkòtò náà ò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí òun rán an.

Alága jáde sí wọn pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lábẹ́ apá. “Ọ̀sẹ̀ méjì,” ni ó wí. “Ìwọ lo máa tú fún wa lọ́jọ́ náà?”

“Rárá. Ẹ wá ẹlòmíràn. Mo fẹ́ jókòó sídìí àwọn ẹlẹ́rìí.”

“Ẹlẹ́rìí kí ni? Inú ikùn lo wà nígbà tí wọ́n tẹ̀ka.”

“Ẹlẹ́rìí pé mi ò ní àbúrò.”

Alága jókòó ti ìyá náà lórí àtẹ̀gùn, ó ṣí ojú ewé tuntun, ó sì ní kí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rí tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.