Ẹ Má Pè É ní Lọ́yà Mọ́

Ní láìnì àwọn oníná-mọ́tò ní ọjà Ládìpọ̀, kò sẹ́ni tó ń pe Aneesah lórúkọ mọ́. Lọ́yà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Alhaji Mùktárù tó ń ta dígí mọ́tò lódìkejì tilẹ̀ máa ń dìde fún un, á ní, "Lọ́yà wa, ẹ wọlé, mà." Yẹ̀kínnì bàbá rẹ̀, tó ń ta iná mọ́tò, á wá gbórí sókè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Ojú sì ń ti Aneesah. N ò ní fi epo bọyọ̀ fún yín: irọ́ ni ọmọ náà pa.

Lọ́dún tó kọjá, nọ́ńbà fóònù bàbá rẹ̀ ló fi forúkọ sílẹ̀ fún JAMB, nítorí tirẹ̀ ti sọnù. Orí fóònù yẹn ni èsì já sí. Yẹ̀kínnì ò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, ó nà án sí ọmọ rẹ̀, ó ní kó kà á. Ọgọ́sàn-án lé mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, máàkì tí yunifásítì kankan ò lè fi gbà á láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Aneesah wo ojú bàbá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì fi odidi ọgọ́rùn-ún lé e. Nígbà tí bàbá lọ kírun, tó fi fóònù sílẹ̀ fún un bó ti máa ń ṣe, ó pa èsì náà rẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, bàbá ti ròyìn fún gbogbo láìnì pé ọmọ òun máa di lọ́yà.

Láti ìgbà náà, irọ́ kan ń bí òmíràn. Lónìí, orúkọ àwọn tí wọ́n gbà ò tíì jáde. Lọ́la, yunifásítì ti sún un síwájú.

Ní báyìí, ìforúkọsílẹ̀ tuntun yóò parí lọ́jọ́ Sátidé. Saidat ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Ìwọ náà! Lọ kọ́ nǹkan mìíràn ní poli jàre. Ta ló máa bi ẹ́?" Aneesah rò ó títí. Bó bá tún ìdánwò náà ṣe, irọ́ lè tú. Bí kò bá tún un ṣe, irọ́ á máa dàgbà nínú ilé wọn. Ìmọ̀ òfin yìí ló sì wù ú, kì í ṣe bàbá rẹ̀ nìkan ló wù.

Lọ́jọ́bọ̀, àkókò ìrun àsárì tó, Yẹ̀kínnì gbé bùtà. Ó na fóònù sí i. "Mú un dáadáa o, Lọ́yà."

Inú fóònù yìí náà ni kóòdù ìforúkọsílẹ̀ máa wọlé sí. Kò ju kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí JAMB, kó kọ kóòdù náà sílẹ̀, kó tún pa á rẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ tán, ó ku kó fi ránṣẹ́. Ó gbójú sókè, ó rí bàbá rẹ̀ létí gọ́tà, tó ká ṣòkòtò sókè, tó ń fọ ẹsẹ̀, tí kò bojú wẹ̀yìn wo fóònù lẹ́ẹ̀kan. Ojú ti Aneesah. Kò fi ránṣẹ́.

Nígbà tí Yẹ̀kínnì kírun dé, Aneesah kúnlẹ̀ sáàárín àwọn iná mọ́tò, ó sì jẹ́wọ́.

Bàbá ò pariwo. Ó jókòó sórí àga. "Ọgọ́sàn-án lé mẹ́sàn-án," ni ohun tó sọ.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí Alhaji Mùktárù fi yọ, pẹ̀lú ìwé tí onílé rẹ̀ kọ sí i lọ́wọ́. "Lọ́yà, ẹ bá wa wò ó."

"Alhaji, ẹ má pè é ní Lọ́yà mọ́," ni Yẹ̀kínnì wí. "Ọmọ ò wọlé. Èmi ni mo ṣi èsì kà fún yín. Ẹ ṣáà mọ̀ pé n ò kàwé."

Alhaji bú sẹ́rìn-ín. "Yẹ̀kínnì! Ta ló rán ẹ níṣẹ́ ìwé kíkà?" Ó pe àwọn ará ṣọ́ọ̀bù tó kù wá gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, Yẹ̀kínnì náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì wà nílẹ̀.

Aneesah rò pé ilẹ̀ ì bá lanu gbé òun mì. Ìtìjú tó mú un lọ́dún kan yẹn, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ó dìde.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Bàbá mi ò ṣì í kà. Èmi ni mo kà á fún wọn. Èmi ni mo parọ́. Mo fẹ́ tún ìdánwò náà ṣe."

Ẹ̀rín dá. Alhaji ká ìwé rẹ̀ pọ̀.

Yẹ̀kínnì mú fóònù, ó nà án sí ọmọ rẹ̀. "Fi ránṣẹ́. Bó bá dé, kà á sókè."

Ó fi ránṣẹ́. Kò pẹ́, fóònù dún. Aneesah ka kóòdù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú gbogbo wọn. Bó ṣe ń kà á, bàbá rẹ̀ na ọrùn wo fóònù náà, àwọn àmì tí kò mọ̀ rárá, ó ń fi ìka tọ̀ wọ́n títí ọmọ rẹ̀ fi kà á tán.

"Ṣé bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn?" ni ó bi í.

"Bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn, Bàbá."

"Tún un kà."