Ilé Tí Fóònù Ń Darí

Kọ́tìnì náà tún ṣí fúnra rẹ̀, ó dé ìdajì fèrèsé, ó sì padà. Ọ̀gbẹ́ni Titus Ọbayẹmí nawọ́ sí i, ó ní kí Bámiṣayọ̀ fojú ara rẹ̀ rí i.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárọ̀ yìí, màdáámù. Iyàrá màmá mi nìkan ló sì ti ń ṣe báyìí."

Bámiṣayọ̀ sún mọ́ fèrèsé, ó tẹjú mọ́ kọ́tìnì náà. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń ṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ní Abuja, ṣùgbọ́n ilé tí Titus kọ́ sí Jahi yìí ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó máa ṣe. Fóònù ni wọ́n fi ń tan iná ibẹ̀, fóònù náà ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn. Níbi tí súìṣì ì bá wà lára ògiri, díńgí dúdú pẹlẹbẹ kan ló wà níbẹ̀ tí èèyàn á kàn fi ìka kàn kí iná tàn tàbí kí kọ́tìnì ṣí. Òun fúnra rẹ̀ ló yan díńgí náà, nítorí ó bá ọ̀dà ògiri mu. Titus, tó jẹ́ ọ̀gá ní iléeṣẹ́ ìjọba kan, ti ṣèlérí láti mú un mọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tó ń kọ́lé ní Kado. Ní báyìí, ó ní òun ò rò pé òun lè yìn ín fún ẹnikẹ́ni mọ́. Fóònù rẹ̀ dún, ó sì jáde lọ dáhùn.

Ó wá ku Bámiṣayọ̀ àti Màmá Àwẹ̀ró, ìyá Titus, tí wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Oṣù méjì sẹ́yìn ni ọmọ wọn lọ mú wọn wá láti Ìkirè.

Bámiṣayọ̀ yọ díńgí náà lára ògiri, ó yẹ àwọn wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kò rí àbùkù kankan. Ìgbà tó fẹ́ nù ún ló rí i pé ipa ọwọ́ kún ojú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Kì í ṣe ipa ìka kan, odidi àtẹ́lẹwọ́ ni. Ó yíjú sí Màmá. Màmá ń wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ni ojú wọn wà.

"Mà, ṣé ẹ ń rí mi?" ó bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Màmá rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń rí i bí ẹni ń wo èèyàn nínú kùrukùru ọyẹ́. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti bẹ̀rẹ̀. Iná ni àwọn ń wá lára díńgí yẹn. Nígbà tí kò sí ohun tó yọ síta tí ọwọ́ lè bà, ńṣe ni àwọn ń pa gbogbo ojú rẹ̀, kọ́tìnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Lọ́jọ́ mìíràn, àwọn á kàn jókòó sínú òkùnkùn lọ́sàn-án gangan títí ẹnìkan á fi wọlé. Ọdún mẹ́rin ni Titus fi kọ́ ilé yìí. Lọ́jọ́ tí àwọn dé, ó di ọwọ́ àwọn mú, ó ń mú àwọn kiri láti iyàrá dé iyàrá, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Àwọn ò lè gbé àìsàn kò ó lójú nínú irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ti pinnu láti sọ pé ooru Abuja ti pọ̀ jù, kí àwọn sì padà sí Ìkirè ní Sátidé.

"Má sọ fún un, ọmọ mi. Jẹ́ kí n máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́."

Bámiṣayọ̀ ní òun ò ní sọ. Titus sì wọlé, ó bèèrè bóyá ó ti rí ohun tó bàjẹ́. Ilé méjèèjì tó wà ní Kado wá sọ́kàn obìnrin náà. Ó gbé díńgí náà sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Kò sí ohun tó ṣe é, sà. Èmi ni mo ṣàṣìṣe. Mi ò bi Màmá léèrè ohunkóhun kí n tó ṣe iyàrá yìí fún wọn."

Titus ní irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, òun á wá ẹlòmíì tó mọṣẹ́, kó wá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Màmá gbọ́wọ́ sókè, wọ́n fi oríkì pe ọmọ wọn.

"Àkànní, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ojú mi ni."

Titus ti fóònù rẹ̀ bọ àpò. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, ó bi wọ́n ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì sọ fún un. Ó bèèrè ìdí tí wọ́n fi fi pa mọ́ fún òun. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n wá orí rẹ̀ rí, wọ́n fà á mọ́ra títí iwájú orí àwọn méjèèjì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn.

"O ti rù," wọ́n wí. "Ṣé àwọn tó ń rí ọ lójoojúmọ́ ò sọ fún ọ ni?"

Titus fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ló bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọjọ́ Ajé ni àwọn máa lọ rí dókítà ojú, òun ò sì ní lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó yíjú sí Bámiṣayọ̀, ó ní kó bá òun tú gbogbo ẹ̀rọ inú ilé náà kúrò. Màmá kọ̀. Wọ́n ní kó jẹ́ kí àwọn ní ohun tí ọwọ́ lè bà nínú iyàrá tiwọn, ìyẹn ti tó. Kí ó máa gbádùn ìyókù, òógùn ojú rẹ̀ ni.

Bámiṣayọ̀ fi ìyá àtọmọ sílẹ̀, ó jáde sí pálọ̀. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó di ojú rẹ̀, ó na ọwọ́ kan sí ara ògiri. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ díẹ̀díẹ̀ nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, bí àlejò tí kò dé ibẹ̀ rí.